Ẹ Bi Wá Léèrè: Mo Fẹ́ Fi Ojú Rí Bahia Kí Orúnkún Mi Tó Kọ̀

Ìbéèrè

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti di ẹni ọdún 63 báyìí. Ọkọ mi ti sùn. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní ilé tiwọn, méjì nínú wọn sì ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí Houston láti bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo sì lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n júwe ìlú náà fún yín, ilé ìdáná ọmọ mi, yàrá tí a ti ń wẹ ọmọ àti ilé ìtajà kan tí wọ́n máa ń gbé mi lọ ní ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo lè júwe. N kò ráhùn o, torí ọmọ-ọmọ dùn ún gbé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé gbogbo ọdún tí mo fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé ni mo ń sọ ìtàn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil, ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí inú wọn dì ní 1835, àti àwọn Àgùdà tó padà wá sílé, n kò sì fi ojú kan ibẹ̀ rí. Mo fẹ́ lọ.

Owó ìfẹ̀yìntì tí mo ń gbà lóṣooṣù kò tó nǹkan, àmọ́ mo ní ìwọ̀nba tí mo fi pamọ́ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àbúrò mi obìnrin ní kí n gbé ọkàn kúrò níbẹ̀, pé àgbàlagbà kì í lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan. Àkọ́bí mi ní bó bá jẹ́ pé ìrìn-àjò ló ń wù mí, kí n kúkú wá sọ́dọ̀ òun. Ṣé ohun tó lè ṣẹ ni mo ń lá lálàá rẹ̀ yìí? Bó bá sì lè ṣẹ, báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí n kò fi ní dé ilé tán kí n máa sá fún onígbèsè?
Ìyá Olùkọ́, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn

Ìyá wa, ibi tí ẹ ti júwe Houston yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún ṣe mí bákan. Mo mọ ìyá kan tó ti lọ sí London ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí kò tíì fi ojú rí odò Thames, nítorí pé ìgbà tí ọmọ bá sùn ni òun náà máa ń ráyè sùn. Ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyá ni, kì í ṣe ìgbafẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ là á yé àkọ́bí yín pé ẹ kò kọ ilé rẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbé ọmọ lé yín lọ́wọ́ ni ẹ kàn fẹ́ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan yìí. Ní ti àbúrò yín, mo fura pé wọ́n ti pa á lówe fún yín pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni òwe náà, àmọ́ ẹ tún un gbọ́ dáadáa: ẹni tó pa á ti gbà pé àjò dùn.

Ìdáhùn mi ni pé ó lè ṣẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún yìí, kì í sì í ṣe Bahia ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí ẹ bá pé 65 ni mo fẹ́ kí ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Brazil, màá sì sọ ìdí tí mo fi mú ọjọ́ orí yẹn níwájú. Ní báyìí ná, ẹ ní ọdún méjì láti fi tọ́jú owó, àti láti fi dán ẹsẹ̀ yín wò ní ibi tó sún mọ́ wa, níbi tí àṣìṣe kò ti ní wọ́n.

Ibi tó sún mọ́ wa yẹn kò sì jìnnà sí ohun tí ẹ ń wá. Ìdajì ìtàn àwọn Àgùdà wà ní etí òkun tiwa níhìn-ín. Ẹ lè gbéra ní Abẹ́òkúta láàárọ̀ kí ẹ lọ wo Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ẹ dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, èyí tí João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà náà, kọ́, kí ẹ sì padà sùn sílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ Àgùdà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹni tí kò bá sì mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí pé àwòrán àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ló wà lọ́kàn àwọn tó mọ ọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi rán mi létí pé n kò dé fìlà. Èdè kò ní dà yín láàmú ní Àjàṣẹ́, torí pé àwọn tó ń sọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, bí àwọn Gun náà ti pọ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ lè dé Kútọnú, kí ẹ sì lọ sí Ouidah, tí kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ sí ìwọ̀ oòrùn Kútọnú. Ilé olódi tí àwọn Pọtogí kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí etí òkun náà wà níbẹ̀, ó tó kìlómítà mẹ́rin, ó sì parí síbi ẹnu ọ̀nà gíga kan tí wọ́n mọ sí etíkun ní ìrántí àwọn tí kò padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ ní ìtàn náà fún ọdún 35 kò ní nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì lágbára, ẹ lè gòkè lọ sí Abomey, níbi tí ààfin àwọn ọba Dáhómì wà, àwọn tí ogun wọn dé ẹnu odi Abẹ́òkúta yín ní 1851 tí a sì lé wọn padà.

Òfin ti ẹsẹ̀ yín lẹ́yìn ní ọ̀nà yìí. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Páàsì yín àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí yẹ́lò káàdì, ló ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nígbà kan rí, láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà ẹ wá káàdì náà jáde kí ẹ tó lọ san owó òmíràn. Ẹ wo ọjọ́ tí páàsì yín máa kú pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í gba páàsì tó bá ku oṣù tí kò tó mẹ́fà. Bó bá gba pé kí ẹ tún un ṣe, láti Oṣù Kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi yín pé kí ni ẹni ọdún 63 fẹ́ fi páàsì ọdún mẹ́wàá ṣe.

Ní ibodè, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páàsì yín nígbà tí ẹ bá ń jáde àti nígbà tí ẹ bá ń wọlé, kódà bí awakọ̀ bá ń kánjú, torí pé òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé ẹ gba ọ̀nà tó tọ́. Ẹ má sì ṣẹ́ gbogbo owó yín lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá sáré pàdé yín. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: ọkùnrin kan ka owó sẹ́fà lé mi lọ́wọ́ ní ìṣojú mi, ó sì pé, ó gbà á padà pé òun fẹ́ fi ìkan kún un, ó tún kà á, ó dì í, ó fún mi. Nígbà tí mo tú u wò ní Àjàṣẹ́, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ti lọ. Láti ọjọ́ náà, owó tí mo bá ti kà tán, àpò mi ló ń lọ tààrà. Kí ẹ sì jọ̀wọ́ má gun alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zémidjan nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Takisí tí ẹ bá pín gùn pẹ̀lú ẹnì kejì kò ní pa yín lára.

Ẹnì kejì yẹn ló kàn. Ìrìn-àjò ẹni kan ṣoṣo máa ń wọ́n, nítorí pé iye kan náà ni òtẹ́ẹ̀lì ń gbà lórí yàrá, ẹni kan ni ó sùn síbẹ̀ tàbí méjì. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá wọn lọ sí Àjàṣẹ́ kí ẹ tó fọkàn tán wọn dé Bahia. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún lè wà tí ẹ kò mọ̀ pé ó máa ń han-run bí ẹ̀rọ ìlọta, tàbí pé ó máa ń tan iná ní aago mẹ́rin ìdájí láti fi orin jí Ọlọ́run. Ọjọ́ mẹ́rin ní òde ló máa fi gbogbo rẹ̀ hàn. Òun náà ló máa fi hàn yín iye wákàtí tí orúnkún yín lè rìn lóòjọ́ kó tó ní ó tó, àti iye tí ẹ ń ná gan-an lórí oúnjẹ, tí kì í bá èyí tí a kọ sílẹ̀ nílé mu. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan lálaalẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbà ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ má fi ọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì tó jẹ́ ti oògùn àti oúnjẹ, ẹ má sì yá kọ́bọ̀ nítorí ìgbafẹ́, kódà bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá ní kí ẹ wá gba ìlọ́po méjì ohun tí ẹ dá. Owó tí ó bá ṣẹ́ kù lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ, ni owó Bahia. Kí ẹ sì má ṣe tọ́jú rẹ̀ ní náírà fún ọdún méjì. Kí ó tó di Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦470 lọ ní báńkì. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ń kó náírà jọ fún tíkẹ́ẹ̀tì lákòókò náà ń lépa ohun tó ń sáré jù ú lọ. Ẹ ṣí àkáùǹtì dọ́là sí báńkì tí ẹ ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, kí ẹ máa rọra fi díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín méjèèjì ní Amẹ́ríkà pé ibẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí àti ti Kérésìmesì sí, dípò àwọn báàgì tó ti kún inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Èmi kò tíì rí ìyá tó bínú pé báàgì dín kù.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni yóò kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ohun méjì ló sì ń sọ bí yóò ti wọ́n tó: oṣù tí ẹ mú àti ọ̀nà tí ẹ gbà. Ní Salvador, olú ìlú Bahia, Oṣù Kejìlá títí dé ìgbà Kàníbàà, tó máa ń bọ́ sí Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta, ni gbogbo nǹkan ń wọ́n jù, ẹ kò sì ní rí ìlú wò bí kò ṣe ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti Oṣù Kẹrin dé Oṣù Keje, òjò pọ̀. Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá ni mo fọwọ́ sí: oòrùn wà, àlejò kò pọ̀, àwọn onílé ìtura sì máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ní ti ọ̀nà, ẹ ṣọ́ra fún tíkẹ́ẹ̀tì tó dà bíi pé owó rẹ̀ kéré, tó ń gba Yúróòpù kọjá. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ń bèèrè físà pápákọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kódà bí kò bá ní jáde kúrò nínú pápákọ̀ náà, owó físà yẹn àti wàhálà rẹ̀ á sì jẹ ohun tí ẹ rò pé ẹ ṣẹ́ kù. Wọ́n máa ń yọ ẹni tí físà Amẹ́ríkà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ nínú èyí, nítorí náà bí èyí tí ẹ fi lọ sí Houston kò bá tíì kú, ẹ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kí ẹ tó sanwó. Bó bá ti kú, ọ̀nà Áfíríkà ni kí ẹ gbà: Ethiopian Airlines ń gbé ènìyàn láti Èkó lọ sí Addis Ababa, wọ́n sì ń gbé e láti ibẹ̀ lọ sí São Paulo, ibi tí ẹ ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú abẹ́lé tí yóò gbé yín dé Salvador ní wákàtí méjì àti ààbọ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ó jìn, n kò ní tàn yín. Ẹ̀yìn lẹ ń lọ kí ẹ tó wá síwájú, àmọ́ físà kan ṣoṣo ni ẹ ó wá, ti Brazil, ọ́fíìsì aṣojú wọn sì wà ní Èkó, kì í ṣe Àbújá nìkan. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ lọ bèèrè. Ẹni tó bá sọ pé òun lè "dájú físà" fún yín ń dájú owó yín ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí 65 ló kù. Brazil ní òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2003 nítorí àwọn àgbà. Ẹni tó bá ti pé 60 ń san ìdajì owó ìwọlé sí ibi eré, tíátà àti sinimá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a lóhùn ní báńkì àti ní ọ́fíìsì kó tó kan ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ti pé 65 kì í sanwó bọ́ọ̀sì ìgboro rárá. Ìwé tó fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn ni yóò nà síta. Páàsì yín tó. Èyí ni mo ṣe ní kí ẹ má kánjú. Ní ilé, wọ́n ń fi ọjọ́ orí yín dí yín lọ́nà; ní Salvador, òun gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ohun tó dára jù kò gba owó púpọ̀. Pelourinho ni àárín ìlú àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba nígbà kan. Salvador ni olú ìlú Brazil láti 1549 títí di 1763. Òkúta kóńkó ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà bàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì lọ láàárọ̀. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi owó àti òógùn ara wọn kọ́. Ẹ wọ ẹ̀rọ Lacerda, tó ti ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sí òkè láti 1873, kí orúnkún lè sinmi. Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Afro-Brasileiro, ẹ ó rí àwọn òrìṣà wa tí oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Carybé gbẹ́ sára pákó ńlá-ńlá, ẹ ó sì mọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun kí ẹ tó ka orúkọ. Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọkà, ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, náà wà ní Salvador, èyí tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, tí ìjọba Brazil fi sínú ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1984. Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹni tó kọ́ ọmọ ní ìtàn gbọ́dọ̀ débẹ̀, àmọ́ ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gba àlejò, ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ má sì ya fọ́tò láìgba àṣẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó ń din acarajé nínú epo pupa ní ìkóríta. Àkàrà ni. Wọ́n máa ń là á láàárín, wọ́n á sì fi edé àti ọbẹ̀ sí i. Ẹ má rò pé wọn ó dá yín lóhùn ní Yorùbá bí ẹ bá kí wọn, torí pé Pọtogí ni wọ́n ń sọ. Inú orin, àdúrà àti orúkọ oúnjẹ ni èdè wa fara pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹ fi ọdún méjì yìí kọ́ Pọtogí díẹ̀ lórí fóònù, ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́, kí ẹ lè ra omi, kí ẹ lè bèèrè ọ̀nà, kí ẹ sì lè sọ fún ìyá alákàrà náà ibi tí ẹ ti wá. Mo fẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí wa nípa ohun tó bá fi dá yín lóhùn.

Ìbéèrè

Ẹni ọdún 71 ni mí, mo sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní London ní kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun. Ẹnì kan tó ń bá ènìyàn ṣe físà ní owó inú báńkì mi kéré, pé kí n ta ilẹ̀ mi kan, tàbí kí òun yá mi ní mílíọ̀nù mẹ́wàá tí yóò wà nínú àkáùǹtì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èwo ni kí n mú?
Bàbá Alhaji, Ìlọrin.

Ìdáhùn

Bàbá, ẹ má mú ọ̀kankan. Àwọn tó ń wo ìwé físà kì í ka iye tó wà nínú àkáùǹtì nìkan, wọ́n ń wo bó ti dé ibẹ̀, láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Mílíọ̀nù mẹ́wàá tó já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú àkáùǹtì ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ni yóò kọ́kọ́ bà yín jẹ́ lójú wọn, bí wọ́n bá sì pè é ní irọ́, wọ́n lè tì yín mọ́ ìta Britain fún ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ yín gan-an ni ẹ̀rí pé ẹ ó padà wálé. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ tà á?

Ohun tó yẹ ni kí ọmọ yín kọ lẹ́tà ìpè, kó sọ pé lọ́dọ̀ òun ni ẹ ó dé àti pé òun ni yóò gbọ́ bùkátà yín, kó sì fi ìwé owó oṣù rẹ̀ àti ìwé ilé rẹ̀ kún un. Ẹ̀yin náà ẹ fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín hàn bó ti rí, kéré tàbí kó pọ̀, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ náà. Físà àlejò ní ààyè oṣù mẹ́fà ní ẹ̀ẹ̀kan, oṣù kan kò sì ní dẹ́rù bà wọ́n. Kí ọmọ yín ra ìwé adójútòfò ìlera fún yín kí ẹ tó gbéra, nítorí pé owó gọbọi ni ilé ìwòsàn ìjọba wọn ń gbà lọ́wọ́ àlejò tí wọ́n bá dá dúró sí ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ lọ ní Oṣù Karùn-ún tàbí Oṣù Kẹsàn-án, kí òtútù má baà tì yín mọ́lé. Ẹ sì ní kó gbé yín lọ sí British Museum, wọn kì í gba owó ìwọlé. Orí idẹ kan tí wọ́n hú ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan láti ilé lọ kí i.

Ìbéèrè

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni ọdún 58 ni mí, mo sì fẹ́ bá ẹgbẹ́ wa lọ sí òkè òkun fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù wákàtí púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ń bà mí. Kí ni kí n ṣe nípa oògùn mi?
Ìyá Aláṣọ, Ṣàgámù.

Ìdáhùn

Ẹ rí dókítà yín ní oṣù kan kí ẹ tó lọ, kó wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kó sì kọ ìwé tó ní orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan nínú. Oògùn ọjọ́ tí ẹ ó lò àti ti ọ̀sẹ̀ kan lé e ni kí ẹ kó, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́ yín, kì í ṣe nínú ẹrù ńlá tó lè sọnù sí ìlú tí ẹ kò lọ. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé oògùn ìrora tí codeine tàbí tramadol wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín, nítorí pé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń fi ọwọ́ òfin mú un. Nínú ọkọ̀, ẹ mu omi, ẹ yàgò fún ọtí, kí ẹ sì dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tàbí méjì kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ bi dókítà bóyá ìbọ̀sẹ̀ afúnni-lẹ́sẹ̀ yẹ yín.

Bí rírìn láti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ dé ìdí ọkọ̀ bá ń mú àyà yín já, ẹ bèèrè kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ènìyàn. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan máa ń tijú rẹ̀ torí kí ẹgbẹ́ má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ náà kọjá gbogbo wa lórí ìlà tí a tò sí. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìn-àjò.